Bí Ará Niamey Ṣe Ń Dìbò, àti Ohun Tó Kan Àwa Àlejò Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́



Nígbà tí ìgbìmọ̀ alákòóso ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìdìbò, àwọn kan nínú yín bi wá pé kí ló kan àlejò nínú ìdìbò onílé. Ìbéèrè gidi ni. Púpọ̀ nínú wa ni kò ní káàdì ìdìbò ti ìlú yìí. Ti Nàìjíríà ńkọ́? Òfin wa kò gba ẹni tó wà lẹ́yìn odi láyè láti dìbò láti ibi tó wà. Àfi kí èèyàn wọ ọkọ̀ lọ sílé. A kò dìbò níbí, a kò dìbò lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí kò gbàgbé Gánà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni wọ́n dìbò níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ Dókítà Busia wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba tuntun náà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú palẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ń ta ọjà ní Kumasi, Tamale àti Accra láti ìgbà bàbá bàbá wọn fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n kó sínú ọkọ̀. Ìdìbò oṣù kẹjọ náà kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n san nínú owó rẹ̀. Nítòsí wa níbí náà, ìgbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń fún Nìjẹ̀r. Ẹ rántí bí ọkọ̀ ẹrù ṣe tò jánti-rẹrẹ sí Malanville. Ó di oṣù kejì ọdún 2024 kí ECOWAS tó ká ìjìyà náà kúrò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìjọba ìlú yìí kò kan òun, kí ó wo ìwé ìṣirò ọjà rẹ̀ ti àwọn oṣù wọ̀nyẹn.

Àwọn ará wa máa ń sọ pé ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí ni kí a fi ríran díẹ̀. A ó sọ bí àwọn ará Niamey ṣe ń yan ènìyàn sípò, lẹ́yìn náà a ó sọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn nígbà tí ìjọba bá gbé ìwé òfin síwájú wọn pé kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Ìkejì yìí la ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí a kò ní irú rẹ̀ nílé wa, ó sì máa ń rú wa lójú.

Ti yíyan ènìyàn kò ṣòro. Ẹni tó ń du ipò ààrẹ ní láti ní ju ìdajì ìbò lọ. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, àwọn méjì tó ṣáájú á tún pàdé ní ìpele kejì. Ti káńsù ló yàtọ̀ sí tiwa. Niamey pín sí káńsù márùn-ún, mẹ́rin ní ìhín odò, ìkarùn-ún ní òdìkejì afárá Kennedy, ní ìhà Harobanda. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni olùdìbò ń dìbò fún, kì í ṣe alága bíi ti ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á pín ìjókòó gẹ́gẹ́ bí ìbò tó ní ṣe pọ̀ sí, àwọn káńsẹ́lọ̀ á sì wá jókòó yan mẹ́yọ̀ láàárín ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọ̀rẹ́ yín ọmọ ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, tí mẹ́yọ̀ sì tún jáde láti inú ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n ti para pọ̀ lẹ́yìn ìdìbò ni. Àwa tí à ń san owó ọjà, mẹ́yọ̀ kàn wá ju mínísítà lọ.

Kí ló ń mú ọkàn olùdìbò? Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní orúkọ gígùn lédè Faransé, tí wọ́n gé kúrú sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n orúkọ Haúsá tó tẹ̀lé e ni ará ọjà mọ̀: Tarayya, ìyẹn ìṣọ̀kan, Nassara, ìṣẹ́gun, Rahama, àánú, Lumana, àlàáfíà. Ìyá tí kò kàwé kò ní sọ fún ọ pé òun dìbò fún MODEN/FA. Lumana ni yóò wí. Lẹ́yìn orúkọ ni ìlú tí olórí ẹgbẹ́ ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni fada, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà lálẹ́, tí wọ́n ń se tíì, tí rédíò wà láàárín wọn. Ẹ má fojú kéré fada o. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbẹ̀ lóru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé dé ibi àpótí. Ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀, ṣúgà, tíì, aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán olórí ẹgbẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta, ìbò kan ṣoṣo ló ní, ìkọ̀kọ̀ ló sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Lójú tiwa, àwọn tó ń pín aṣọ yìí ń fi owó ṣòfò ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ìdìbò tó sún mọ́ wa jù ni ti ọdún 2020 sí 2021. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya ìka ọwọ́ àwọn olùdìbò, orúkọ tó wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 7.4. Wọ́n dìbò káńsù ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Ọgbọ̀n ènìyàn ló du ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí púpọ̀ nínú ará Niamey ń retí, Hama Amadou olórí Lumana, kò sí nínú wọn. Ilé-ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ ti yọ orúkọ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá nítorí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí wọ́n ti dá fún un nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ní a kó wọlé láti Nàìjíríà. Òun ní ìwà òṣèlú ni wọ́n hù sí òun. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn, ó ní kí àwọn èèyàn òun dìbò fún Mahamane Ousmane, ẹni tó ti jẹ́ ààrẹ láti ọdún 1993 títí di ìgbà tí ológun lé e ní 1996. Ní ìpele kìíní, Mohamed Bazoum ti Tarayya ní nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, Ousmane ní nǹkan bí ìdá 17. Ní ìpele kejì, lọ́jọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2021, Bazoum ní ìdá tó lé díẹ̀ ní 55, Ousmane ní tó lé díẹ̀ ní 44. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò méje kú ní Dargol, ní agbègbè Tillabéri, nígbà tí ọkọ̀ wọn gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì sílẹ̀. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn.

Bazoum wọlé, ṣùgbọ́n kò wọlé ní Niamey. Ousmane ni olú ìlú fi ìbò wọn gbè lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kéde èsì ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, ìgboro gbiná. Táyà ń jó, ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó padà. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé nínú wa kò rí i fi ránṣẹ́. Àwa kan ń wí nígbà náà pé a kò tíì rí irú èyí rí, kí ẹni tó borí má borí nínú ilé ara rẹ̀. A ti rí i báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú di ààrẹ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Peter Obi ló ní ìbò jù ní Èkó, ó fi ìbò tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣáájú. Ìlú ńlá kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ohun kan wà nínú ìdìbò yẹn tó yẹ kí àlejò fi sọ́kàn. Òfin tí wọ́n ń lò nígbà náà sọ pé ẹni tó máa jẹ́ ààrẹ ní láti jẹ́ ọmọ Nìjẹ̀r ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bazoum wá láti inú ẹ̀yà Lárúbáwá tó kéré níye ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn alátakò gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ìwé ọmọ ìlú rẹ̀ kò dájú. Wọn kò rí i mú, ilé-ẹjọ́ jẹ́ kí ó dije. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó ti jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí ó ti jókòó nílé aṣòfin, ni wọ́n ṣì ń bi pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Boukoki, tí wọ́n ń sọ Zarma bí ẹni mumi, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè yìí wà lójú ọ̀nà wọn.

Ó kan ti bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́.

Ní ilé wa, a kì í sábà bi ará ìlú ní irú ìbéèrè báyìí. Àwọn àgbà mọ ti oṣù keje ọdún 1963, tí wọ́n bi àwọn ará Bìní àti agbègbè Delta bóyá wọ́n fẹ́ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn kí wọ́n ní ẹkùn tiwọn, tí wọ́n sì gbà. Láti ìgbà náà, òfin ń dé bá wa láti òkè ni. Nìjẹ̀r kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1958 títí di 2010, ìgbà méje ni wọ́n ti pe ará ìlú láti wí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ sí òfin: 1958, 1989, 1992, 1996, 1999, 2009, 2010. Bẹ́ẹ̀ni ló borí ní gbogbo ìgbà. Kò sì borí pẹ̀lú ìwọ̀nba. Ní 1989, lábẹ́ Ali Saibou, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà. Àwọn tó tẹ̀lé e ń gbé ẹ̀gbẹ́ ìdá 90 kiri.

Ẹ fi èyí wé ti yíyan ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, ìdá 54 sí 45 ni láàárín Ousmane àti Tandja Mamadou. Ní 2021, 55 sí 44. Àwọn èèyàn kan náà ni, ìlú kan náà ni. Nígbà tí wọ́n bá gbé ènìyàn méjì síwájú wọn, wọ́n á pín. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé síwájú wọn, gbogbo wọn á gbà. Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo wọn gbà? A rò pé rárá. Ohun tí a ti kíyè sí ni pé nínú ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ni ará Nìjẹ̀r fi ń dìbò. Ẹni tó fara mọ́ ọn á jáde. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn á jókòó sílé. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú wí, kí a fi iye bẹ́ẹ̀ni sílẹ̀, kí a lọ wo iye tó jáde.

Ti 1958 fi hàn kedere. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gágun de Gaulle bi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé bóyá wọ́n gba òfin tuntun tí òun ṣe, kí wọ́n wà pẹ̀lú Faransé nínú àwùjọ kan. Ilẹ̀ tó bá wí bẹ́ẹ̀kọ́ á gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, Faransé á sì kó ẹrù rẹ̀. Gìnì nìkan ló wí bẹ́ẹ̀kọ́. Ní Nìjẹ̀r níbí, Djibo Bakary, ẹni tí wọ́n ti yàn ní mẹ́yọ̀ Niamey ní 1956, tó sì ti di olórí ìjọba abẹ́lé, ló ní kí àwọn èèyàn òun kọ̀ ọ́. Sawaba ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, ọ̀rọ̀ Haúsá tó túmọ̀ sí ìdẹ̀ra àti òmìnira. Faransé yára gbé gómìnà tuntun wá, Don Jean Colombani, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọba ìlú sì ti bẹ́ẹ̀ni lẹ́yìn gbọnyingbọnyin. Bẹ́ẹ̀ni ní nǹkan bí ìdá 78. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kò tó mẹ́rin tó jáde. Djibo Bakary pàdánù ipò rẹ̀, wọ́n fòfin de Sawaba ní 1959, òun fúnra rẹ̀ kò padà wálé títí di ìgbà tí Kountché gba ìjọba ní 1974. Gbogbo èyí tẹ̀lé ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó pọ̀ jù nínú ìlú kò dáhùn.

Ti 1999 ńkọ́? Wọ́n ti pa Ààrẹ Baré Maïnassara ní pápákọ̀ òfuurufú Niamey ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. Àwọn ológun tó gbà á gbé ìwé òfin tuntun jáde ní ọjọ́ 18 oṣù keje. Ìwé dáadáa ni lápá púpọ̀. Ó ní ààrẹ kò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ibẹ̀ kọ láé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí ìjìyà fún àwọn tó dìtẹ̀ ní 1996 àti 1999. Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ mọ irú ọjà yìí. Wọ́n di ìdì kan fún ọ, wọ́n ní o kò gbọdọ̀ tú u, o kò gbọdọ̀ ṣa èyí tó wù ọ́: gbà á tán tàbí kí o fi sílẹ̀ tán. Ẹni tó fẹ́ sáà méjì ní láti gba ìdáríjì náà pọ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ìdá 90 wí bẹ́ẹ̀ni. Nínú àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jáde. Ní 2010 náà, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ mìíràn, ìdáríjì irú rẹ̀ tún wà nínú ìdì.

Ẹ wá jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ti 2009, nítorí púpọ̀ nínú wa wà níbí nígbà náà. Tandja Mamadou wọlé ní 1999, ó tún wọlé ní 2004. Sáà kejì rẹ̀ yẹ kó parí ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2009. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀: tazartché, ìyẹn pé kó máa bá a lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá wà nílẹ̀ tí kò tíì parí, ilé ìfọpo ní Zinder, ìdídò Kandadji, ibi ìwakùsà yuráníọ̀mù ní Imouraren. Wọ́n ní ará ìlú ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ṣùgbọ́n òfin 1999 ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sáà méjì. Kí ni ó ṣe? Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n kúkú kọ ìwé òfin mìíràn látòkèdélẹ̀, kí wọ́n sì gbé e fún ará ìlú. Ọgbọ́n àrékérekè ni, ẹ jẹ́ kí a pè é bó ṣe jẹ́.

Ilé-ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ ní kò tọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, ó tú ilé aṣòfin ká. Ní oṣù kẹfà, ilé-ẹjọ́ náà fagi lé àṣẹ tó fi pe ìdìbò. Kí oṣù náà tó parí, ó tú ilé-ẹjọ́ náà ká. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, wọ́n gbé àpótí jáde. Nínú ìwé tuntun náà, yóò ní ọdún mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí ìdìbò kankan, lẹ́yìn náà yóò lè máa dije títí. Àwọn alátakò ní kí àwọn èèyàn jókòó sílé. Èsì ìjọba ní ìdá 92 àti ààbọ̀ wí bẹ́ẹ̀ni, pé ìdá 68 nínú àwọn olùdìbò ló sì jáde. Àwọn alátakò ní irọ́ ni iye tó jáde yẹn. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò bá ìdá 92 jà. Iye tó jáde ni wọ́n bá jà, nítorí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìlú ti ń sọ̀rọ̀. ECOWAS yọ Nìjẹ̀r lẹ́gbẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Oṣù kejìlá dé, Tandja kò lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2010, bí òun àti àwọn mínísítà ṣe ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́, ológun wọlé bá wọn. Ọ̀gágun Salou Djibo ló ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n tún pe ará ìlú jáde láti wí bẹ́ẹ̀ni sí ìwé tó dá sáà méjì padà, bẹ́ẹ̀ni sì tún ní ìdá 90. Láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlú kan náà ti gbà kí ààrẹ máa lọ títí, ó sì ti gbà kí ó má lọ títí. Ẹni tó bá ń wo iye bẹ́ẹ̀ni nìkan á rò pé orí ìlú ti dàrú. Orí wọn pé. Wọn kì í bá ẹni tó ní àpótí lọ́wọ́ jà níbi àpótí ni.

Ti ilé wa: ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2006, ilé aṣòfin àgbà ní Abuja pa ọ̀rọ̀ sáà kẹta tí wọ́n ń gbé kiri fún Ààrẹ Ọbásanjọ́. Wọn kò bi àwa ará ìlú. Bí wọ́n bá bi wá, kí la máa wí? A fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìjiyàn yín lẹ́yìn oúnjẹ.

Ibì kan wà tí wọ́n ti bi ará ìlú, àwọn ará wa sì wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwa tó jókòó síbí. Lọ́jọ́ ìdìbò níbẹ̀, ìwé kan náà ni wọ́n fi ń yan ènìyàn, tí wọ́n sì tún fi ń dáhùn ìbéèrè: ṣé kí ìjọba yá owó kọ́ ilé ìkàwé? Ṣé kí wọ́n yá owó tún títì ṣe? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dá dúró. Olùdìbò lè gba ti títì kí ó kọ èkejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n bi gbogbo Maryland bóyá kí wọ́n gbà kí ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan wà ní Prince George's. Tọ̀tún-tòsì ná owó rẹpẹtẹ lórí ìpolówó tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ni borí, ṣùgbọ́n ìdá 52 péré ni. Ilé náà ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Èyí tó wù wá láti fi hàn yín ni ti 2014. Òfin wọn ní alákòóso àti àwọn káńsẹ́lọ̀ kò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ. Àwọn tó wà lórí ipò fẹ́ kó di mẹ́ta, wọ́n sì gbé e fún ará ìlú. Tazartché ni, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù. Ará ìlú wí bẹ́ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ mọ́, káńsù kò tú ká, kóòtù kò tú ká, àwọn tí sáà wọn bá pé á sì palẹ̀ mọ́.

A kò sọ èyí láti fi ìlú kan wé èkejì pé ọ̀kan gbọ́n jù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́hùn-ún, ẹni tó wí bẹ́ẹ̀kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan kò ní wó lulẹ̀ lórí òun. Ní Nìjẹ̀r, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ológun ló gbé ìwé wá, ẹni tó bá sì wí bẹ́ẹ̀kọ́ ń sọ pé kí ológun náà dúró pẹ́ sí i. Ní 1996, 1999 àti 2010, bẹ́ẹ̀ni ni ọ̀nà tó yá jù láti padà sí ọwọ́ ìjọba alágbádá. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ọjà Katako, ọmọ ìlú, sọ ọ́ fún wa báyìí pé òun kì í dìbò fún ìwé, òun ń dìbò kí ṣọ́jà lè lọ sílé.

Ibo la wá dé báyìí? Lẹ́yìn ìgbà tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani gba ìjọba ní 2023, wọ́n kó àwọn káńsù tí a dìbò yàn kúrò ní 2024, wọ́n fi alábòójútó tí ìjọba yàn sípò wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n ṣe àpérò orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, Tiani búra fún sáà ọdún márùn-ún lábẹ́ ìwé àdéhùn tuntun, wọ́n sì tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò gbé ìwé náà fún ará ìlú láti wí bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Tarayya, Nassara, Rahama, Lumana, gbogbo wọn wọlé lọ lọ́jọ́ kan.

Kí ni àwa máa ṣe? Ìgbìmọ̀ ti jíròrò rẹ̀, ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Ẹgbẹ́ wa kò ní wọ aṣọ olóṣèlú kankan, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní fi gbọ̀ngàn wa yá ẹnikẹ́ni fún ìpolówó, ìgbà yòówù kí àpótí padà dé. Bí ọ̀rọ̀ bá dé fada tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, gbọ́ o, mu tíì rẹ, má dá sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí: ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹlòmíràn á fi orúkọ gbogbo wa kà á.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lábẹ́ òfin, tí wọ́n ti pé ọdún 18. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti dìbò, kí àwọn òbí má ṣe dí wọn lọ́wọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Ìgbà tí wọ́n bá tún ń kọ orúkọ olùdìbò, kí ìwé wọn ti wà nílẹ̀: ìwé ẹ̀rí ìbí àti ìwé ẹ̀rí ọmọ orílẹ̀-èdè. Àwọn yòókù, kí olúkúlùkù yẹ káàdì ẹ́ńbásì àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ wò kí ó tó kúrò níbí lónìí. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, kí ó mú un lọ bá akọ̀wé wa. Ó ti tẹ́ tábìlì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ní ọwọ́ ọ̀tún bí ẹ bá ń jáde.